Àdéhùn tuntun lórí agbami òkun: kí ni yóò ṣe fún etíkun tiwa?

Olùkọ́ Ẹ̀pẹ́

Mo kí gbogbo yín o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mo mú ọ̀rọ̀ kan wá tí mo fẹ́ kí á fara balẹ̀ jíròrò lé lórí, pàápàá ẹ̀yin tí ilé yín wà létí òkun.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 2026 ni àdéhùn àgbáyé lórí agbami òkun di òfin. Ìlú New York ni àwọn orílẹ̀-èdè inú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fẹnu kò lé e lórí ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 2023, lẹ́yìn tí wọ́n ti ń fà á síwá sẹ́yìn fún nǹkan bí ogún ọdún. Wọ́n ní àfi bí 60 orílẹ̀-èdè bá fòǹtẹ̀ lù ú ni yóò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó sì di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 kí iye náà tó pé.

Omi tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kankan ni àdéhùn yìí wà fún. Òfin òkun ti ọdún 1982 fún orílẹ̀-èdè tó bá ní etíkun ní ẹ̀tọ́ lórí ẹja àti ohun àlùmọ́ọ́nì inú omi títí dé 200 máìlì ojú òkun, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 370 kìlómítà sí etí ilẹ̀. Ohun tó bá kọjá ibẹ̀ ni agbami tí gbogbo ayé jọ ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta òkun ayé. Kí àdéhùn yìí tó dé, nǹkan bí ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ibẹ̀ ló wà lábẹ́ ààbò. Nísinsìnyí, ọ̀nà ti wà láti ya àwọn apá kan sọ́tọ̀ kí ohun abẹ̀mí inú wọn lè sinmi, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ ńlá nínú agbami gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ náà lè bà jẹ́. Ó bá ìpinnu tí wọ́n ṣe ní Montreal ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 mu, pé kí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ àti òkun ayé wà lábẹ́ ààbò kí ọdún 2030 tó parí.

Inú mi dùn sí i gidigidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn apẹja àdúgbò mi, ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí kò kan agbami rárá. Wọ́n ń béèrè ẹni tí yóò dáàbò bo omi tí àwọn ń wò láti ẹnu ọ̀nà ilé àwọn. Nítorí náà ni mo fi gbé e wá síbí: níbo ló yẹ kí ìdáàbòbò òkun ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, ta ló sì yẹ kó ṣe é? Ẹgbẹ́ wa ń gbèrò láti kọ ìwé sí àwọn aṣòfin, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ ọ́.

Ọmọ Ìlàjẹ

Ẹ ṣeun, olùkọ́ wa. Lójú tèmi, inú máìlì márùn-ún àkọ́kọ́ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, òfin rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Òfin ìpẹja inú òkun tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 1992, pẹ̀lú àwọn ìlànà tó rọ̀ mọ́ ọn, sọ pé ọkọ̀ apẹja ńlá, èyí tí a ń pè ní tírọ́là, kò gbọ́dọ̀ fa àwọ̀n láàárín máìlì ojú òkun márùn-ún sí etí ilẹ̀. Nǹkan bíi kìlómítà mẹ́sàn-án nìyẹn. Àwa tí a ń fi ọkọ̀ igi pẹja ni wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún, nítorí pé ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ẹja ti ń yé sí, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ẹja ti ń dàgbà.

Kò sí ẹni tó ń gbé etíkun Ìlàjẹ tí kò mọ̀ pé wọ́n ń wọlé. Òru ni wọ́n sábà máa ń wá. Àwọ̀n wọn ń wọ́ nílẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, kò sì mọ èyí tó yẹ kó mú yàtọ̀ sí èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀: edé tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá, ọmọ ẹja apò tí kò tíì tó ìka ọwọ́, ìjàpá òkun tó ń bọ̀ wá yé ẹyin sórí iyanrìn, àti àwọ̀n tiwa tí a ti dẹ sílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Ohun tí wọn kò bá lè tà, wọ́n á dà á padà sómi lẹ́yìn tó ti kú. Àwọ̀n kan lè jẹ́ gbogbo dúkìá ìdílé kan, bí ó bá sì ti bá ọkọ̀ ńlá lọ, gbèsè owó tí wọ́n fi rà á kò bá a lọ.

Ẹ fi èyí kún ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ sí wa. Ayétòrò, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tó kúrò nínú inúnibíni tẹ̀ dó ní ọdún 1947, tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun nítorí pé gbogbo ará ìlú ló jọ ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì jọ ń jẹun, òkun ti gba òpópónà àti ilé púpọ̀ nínú rẹ̀. Níwájú Awóyè, kànga epo Ororo-1 bú gbàmù ní ọdún 2020, iná rẹ̀ sì ń jó lórí omi fún ọ̀pọ̀ ọdún níṣojú àwọn apẹja. Bí ènìyàn bá ń wo iná bẹ́ẹ̀ ní alaalẹ́, tí ó sì gbọ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò lórí omi tó wà ní 370 kìlómítà sí ilé rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó béèrè ìbéèrè rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Omi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí inú omi ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ìlàjẹ sọ nípa máìlì márùn-ún, síbẹ̀ mo bẹ̀bẹ̀ pé kí á má ṣe pín òkun sí méjì bí ẹni pé èyí tó jìnnà kò kàn wá. Ẹja tuna onílẹbẹ ìyeyè ń rin ìrìn àjò kọjá gbogbo Àtìláńtíìkì, ṣùgbọ́n inú Gulf of Guinea, ìyẹn omi tó wà níwájú Gánà, Tógò, Benin àti Nàìjíríà, ni ibi pàtàkì tó ti ń yé wà. Bí wọ́n bá pa á run nínú agbami, kò ní wá yé lọ́dọ̀ wa. Bí a bá sì ba ibi tó ti ń yé jẹ́, kò ní sí nínú agbami.

Ọ̀ràn ooru tún wà, èyí tí ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ kankan kò lè lé padà. Nínú ooru àpọ̀jù tí èéfín epo, gáàsì àti èédú ti há mọ́ ayé lórí, nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ni òkun ti gbà sínú ara rẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin èéfín kábọ́nì tí ọmọ aráyé ń tú jáde lọ́dọọdún náà ń wọnú rẹ̀, ó sì ń mú kí omi máa kan sí i. Láti ìgbà tí àwọn ará Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú wa ẹ̀rọ, ìwọ̀n pH ojú òkun, èyí tó máa ń lọ sílẹ̀ bí omi bá ṣe ń kan sí i, ti lọ sílẹ̀ láti nǹkan bí 8.2 sí 8.1. Ó jọ nǹkan kékeré, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ka ìwọ̀n yìí yàtọ̀ sí bí a ṣe ń ka owó: ó túmọ̀ sí pé kíkan omi òkun ti fi ohun tó tó ìdá 26 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Àwọn ohun abẹ̀mí tó ń fi ẹfun inú omi kọ́ ìkarahun ara wọn, bí ìṣáwùrú àti iyùn, ló kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀.

Àwọn òkìtì iyùn inú òkun ni wọ́n ń fi ojú ooru náà hàn jù. Ní Great Barrier Reef ti Ọsirélíà, ooru omi sọ iyùn di funfun káàkiri, èyí tó jẹ́ àmì pé ó ń ṣàìsàn, ní ọdún 2016, 2017, 2020, 2022 àti 2024, ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 sì ni àwọn onímọ̀ kéde pé ó ti di ti gbogbo ayé nígbà kẹrin. Àwa kò ní òkìtì iyùn ńlá bẹ́ẹ̀ ní etíkun wa, ṣùgbọ́n ẹja tí omi bá ti gbóná jù fún ń kó lọ sí ibi tí omi ti tutù, ibi tó jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Ọ̀dọ̀ wa ni wọn yóò ti kúrò, nígbà tó jẹ́ pé èéfín tí àwa ń tú jáde kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Amẹ́ríkà, Ṣáínà àti Yúróòpù. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kí ìwé yín mẹ́nu ba agbami àti afẹ́fẹ́ náà, kí ó má jẹ́ ti tírọ́là nìkan.

Ìyá Ẹlẹ́ja

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹja ni mo ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ti òkun bọ̀, tí mo sì ń yan tà. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú tèmi ń rí, nítorí pé mo wà ní ibi tí àwọ̀n ti ń gúnlẹ̀. Lẹ́yìn òjò ńlá, ọ̀rá àti ike máa ń pọ̀ nínú àwọ̀n débi pé wákàtí tó yẹ kí ọkùnrin fi sinmi ni yóò fi máa tú wọn kúrò. Ọ̀rá omi ló pọ̀ jù, lẹ́yìn rẹ̀ ni ike omi àti ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, lẹ́yìn náà fóòmù tó ti fọ́ wẹ́wẹ́ tí a kò lè ṣà tán mọ́. Kò sí èyí tó jẹ́ pé inú òkun ni wọ́n ti jù ú. Gọ́tà ló gbé e dé odò, odò gbé e dé ọ̀sà, ọ̀sà sì dà á sókun.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ fóòmù ní oṣù Kìíní ọdún 2024, mo sì yìn wọ́n fún un. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n tún fi ife ike, ṣíbí ike, ìfamu ike àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rá omi kò sí lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sì lè sọ pé kí wọ́n fòfin dè é lọ́la, nítorí pé òun ni tálákà ń rí mu níbi tí ẹ̀rọ omi kò sí. Bí ìjọba bá fẹ́ kí ọ̀rá omi kúrò nínú òkun, kí omi tó mọ́ kọ́kọ́ máa ṣàn ní ẹnu ẹ̀rọ ní Àjẹgúnlẹ̀ àti Mákòókò. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀rá náà sì máa sanwó fún àwọn tó ń ṣà á. Ẹni tó ń pawó lórí rẹ̀ kò yẹ kó fi ìdọ̀tí rẹ̀ sílẹ̀ fún apẹja láti kó.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo fẹ́ kí ẹ kọ sínú ìwé ni pé kí wọ́n má ṣe ka apẹja nìkan sí ẹni tí òkun ń bọ́. Bí ọkọ̀ kan bá gúnlẹ̀ láìní ẹja, àwa obìnrin tó ń rà, tó ń yan, tó ń gbé e lọ sí ọjà òkè, gbogbo wa ni ọjà kò tà fún. Nígbà tí wọ́n bá pe ìpàdé lórí òkun, àwọn ọkùnrin ni wọ́n máa ń pè.

Akẹ́kọ̀ọ́ Omi

Ìyá wa, òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ lórí àwọn ilé-iṣẹ́ náà, òun gan-an sì ni ohun tó ń fa àríyànjiyàn láàárín àwọn orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022 ni wọ́n pinnu ní Nairobi pé àwọn yóò ṣe àdéhùn tó de gbogbo ayé lórí ike. Wọ́n pàdé ní Busan ní ìparí ọdún 2024, wọ́n tún pàdé ní Geneva ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, wọ́n sì tú ká láìfẹnu kò. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n dín iye ike tí wọ́n ń ṣe jáde kù, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ta epo rọ̀bì, tí wọ́n fi ń ṣe ike, sì ní kí ọ̀rọ̀ mọ sí bí a ó ṣe máa kó ìdọ̀tí.

Ará Kútọnù

Mo kí yín láti Kútọnù. Ọmọ Yorùbá ni wá níbí náà, òkun kan náà ló sì ń lù wá. Ọmọ Ìlàjẹ mẹ́nu ba Ayétòrò, mo sì fẹ́ kí á wo ohun tó ń jẹ́ kí òkun máa gba ilẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìbínú òkun lásán ni, tàbí pé yíyọ́ yìnyín ní ilẹ̀ òtútù nìkan ló fà á.

Iyanrìn etíkun wa kì í dúró lójú kan. Ìgbì òkun tó ń wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ń tì í láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, láti Gánà gba Tógò àti Benin lọ sí Èkó, ohun tó sì ń lọ lọ́dọọdún pọ̀ ju ohun tí ọkọ̀ akóyanrìn lè kó lọ. Odò ńlá ló ń gbé iyanrìn tuntun wá láti rọ́pò èyí tó lọ. Ní ọdún 1965 ni wọ́n parí ìdídò Akosombo lórí odò Volta ní Gánà, iyanrìn odò náà sì há sẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1987, wọ́n dí odò Mono ní Nangbéto ní Tógò. Láàárín ìgbà yẹn, Kútọnù kọ́ èbúté tirẹ̀ ní 1965, Lomé ṣí tirẹ̀ ní 1968, ògiri òkúta èbúté kọ̀ọ̀kan sì dá iyanrìn dúró ní apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Apá ìlà-oòrùn tí kò rí iyanrìn gbà mọ́ ni òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Lọ sí Baguida, Agbodrafo àti Aného ní Tógò, tàbí sí ìlà-oòrùn Kútọnù níbí, wàá rí ògiri ilé tó dá dúró sínú omi.

Èkó ló tilẹ̀ kọ́kọ́ rí irú rẹ̀. Láàárín ọdún 1908 sí 1912 ni ìjọba amúnisìn kọ́ àwọn ògiri òkúta sí ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó kí ọkọ̀ ńlá lè máa wọlé, láti ìgbà náà ni òkun sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá etíkun Bar Beach lọ. Mi ò sọ pé kí wọ́n má kọ́ èbúté. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá kọ́ èbúté tàbí tó fi ògiri dáàbò bo ilẹ̀ tirẹ̀ ń rán òkun sí ẹni tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, ó sì yẹ kí ó sanwó iyanrìn tí ẹni náà yóò pàdánù. Nítorí náà, ìwé tí orílẹ̀-èdè kan dá kọ kò lè tó. Tógò àti Benin wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́fà tó kọ́kọ́ wọ ètò etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Báńkì Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní ọdún 2018, èyí tí wọ́n ń pè ní WACA. Nàìjíríà kò sí lára mẹ́fà náà, bẹ́ẹ̀ òun ló wà ní ibi tí iyanrìn gbogbo wa ń lọ.

Ará Ìgbọ́kọ̀dá

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Olùkọ́ sọ pé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún òkun ni wọ́n fẹ́ dáàbò bò. Òkun ta ni wọn yóò mú? Mo ti rí i lórí ilẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ igbó di igbó ọba, tí wọ́n lé àgbẹ̀ jáde, tí àwọn agégẹdú tó mọ ènìyàn ńlá sì ń wọlé lóru. Bí ìjọba bá fẹ́ fi iye kan hàn fún àgbáyé, ibi tó rọrùn jù láti yà sọ́tọ̀ ni omi àwọn tí kò ní agbẹjọ́rò. Wọn kò ní fọwọ́ kan ibi tí kànga epo wà. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ìwé, ẹ kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé a kò fẹ́ ààbò tí yóò lé apẹja ọlọ́kọ̀ igi kúrò lórí omi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Omi

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù yín tọ̀nà, ó sì ti ṣẹlẹ̀ ní ibòmíràn. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa Cabo Pulmo ní Mẹ́síkò. Àwọn apẹja ibẹ̀ fúnra wọn rí i pé ẹja ti tán, àwọn ló sì bẹ ìjọba pé kí ó sọ omi náà di ọgbà ìtọ́jú ní ọdún 1995. Wọ́n ṣíwọ́ ìpẹja nínú rẹ̀, àwọn ni wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣe àfiwé ọdún 1999 sí 2009, ìwọ̀n ẹja tó wà níbẹ̀ ti fi ohun tó ju ìdá 460 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Iṣẹ́ mímú àlejò wẹ̀ lọ wo ẹja ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe jẹun báyìí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tó ni omi ló pinnu rẹ̀.

Òdì kejì rẹ̀ ni ti Newfoundland ní Kánádà. Àwọn ọkọ̀ ńlá fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ẹja cod níbẹ̀, ìjọba ń wò wọ́n, títí tó fi di ọdún 1992 tí kò sí ohun tó kù ju kí wọ́n ti omi náà pa. Ó ju 30,000 ènìyàn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹja náà kò sì padà bọ̀ sípò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí a kò bá fi ọwọ́ ara wa sinmi fún ẹja, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a kò ní rí nǹkan kan dì mú.

Olùkọ́ Ẹ̀pẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Gánà kún un, nítorí pé ó sún mọ́ wa. Òfin ìpẹja tuntun tí wọ́n ṣe ní ọdún 2025 fẹ omi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀ igi láti máìlì ojú òkun mẹ́fà sí méjìlá. Ààbò tí kò lé ẹnikẹ́ni lórí omi rẹ̀ nìyẹn, mo sì rò pé irú rẹ̀ ni Ará Ìgbọ́kọ̀dá ń béèrè. Ohun tó kù tí n kò mọ bí a ó ṣe gbé e kalẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rí. Bí òfin máìlì márùn-ún bá ti wà láti ọdún 1992 tí tírọ́là sì ń wọlé, kí ni yóò yàtọ̀ bí ó bá di méjìlá?

Agbẹjọ́rò Ìkẹjà

Olùkọ́, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù nínú ìjíròrò yìí lẹ bi yẹn, n ó sì fi ẹjọ́ kan dáhùn rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2011, nígbà tí wọ́n ń gbé epo rọ̀bì sínú ọkọ̀ ní pápá epo Bonga, tó wà ní nǹkan bí 120 kìlómítà sí etíkun Nàìjíríà, nǹkan bí àgbá 40,000 epo dà sínú òkun. Àwọn ará etíkun gbé ẹjọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní epo náà dé ilẹ̀ àwọn, ó sì ba omi ìpẹja àwọn jẹ́. Àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́, tí wọ́n jẹ́ ti Shell, ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Bírítéènì dájọ́ pé ìṣẹ̀lẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ni dídà epo náà, pé wíwà tí wọ́n ní epo ṣì wà lórí ilẹ̀ kò sọ ọ́ di ìpalára tuntun lójoojúmọ́, àti pé nítorí náà àkókò tí òfin fi sílẹ̀ fún irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ti kọjá.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló gbé ẹjọ́ náà ṣubú. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ará etíkun sọ̀rọ̀ lórí irú ọ̀ràn báyìí. Wọ́n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn dáadáa, wọ́n lè sọ ọ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀, kò sí àwòrán, kò sí ẹni tó bu omi tàbí epo sínú ìgò kí ó sì kọ ibi tó ti bù ú sára rẹ̀. Nílé ẹjọ́, ohun tí a kò lè fi ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ hàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúlò.

Fóònù olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ apẹja lè sọ ibi tí ọkọ̀ wọn wà lórí omi gan-an, kódà níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bí wọ́n bá ti tan GPS rẹ̀. Bí tírọ́là bá wọlé, kí wọ́n kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tó wà, kí wọ́n ya orúkọ tàbí nọ́ńbà ara ọkọ̀ náà bí wọ́n bá lè ṣe é láìfi ẹ̀mí ara wọn wewu. Ètò kan wà tó ń jẹ́ Global Fishing Watch, tó ti ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti ọdún 2016. Ó ń fi sátẹ́láìtì tọpa ẹ̀rọ tí àwọn ọkọ̀ ńlá fi ń sọ ibi tí wọ́n wà. Àwọn kan máa ń pa ẹ̀rọ náà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ rú òfin, ṣùgbọ́n ìgbà tí ó kú àti ìgbà tí ó tún padà tàn jẹ́ ẹ̀rí fúnra rẹ̀, bí àkọsílẹ̀ apẹja bá bọ́ sí àárín wọn. Ohun tí mo rò pé ìwé yín gbọ́dọ̀ béèrè ni pé kí òfin gba àkọsílẹ̀ apẹja gẹ́gẹ́ bí ìdí tó tó láti dá ọkọ̀ dúró ní èbúté kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ ìjọba kò lè wà níbi gbogbo lóru. Àwọn apẹja wà níbẹ̀.

Ará Bàhíà

Mo kí gbogbo ọmọ Odùduwà láti Salvador ní Bràsíìlì, níbi tí mo ti ń kọ́ èdè wa. Ọ̀rọ̀ tèmi kúrú, ó sì yàtọ̀ díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì lọ́dọọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń kó ẹ̀bùn wá sí etíkun Rio Vermelho fún Yemọja: òdòdó, ìyarun, dígí, ìgò lọ́fínńdà, àti ọmọlangidi oníke. Àwọn apẹja ló ń gbé wọn lọ sínú òkun. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí òkun dá padà sí iyanrìn ní ọjọ́ kejì ń ba ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùfọkànsìn fúnra wọn lọ́kàn jẹ́. Ní ọdún 2016, Ìyá Stella, tó jẹ́ ìyálórìṣà Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá títí tó fi di olóògbé ní 2018, kéde pé ilé òun kò ní gbé ẹ̀bùn sínú òkun mọ́, pé orin àti wíwá wọn ti tó. Àwọn mìíràn ṣì ń gbé ẹ̀bùn lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ti ń yan òdòdó àti èso tí yóò jẹrà dípò ike àti ìgò. Kò sí ìjọba tó fi ipá mú wọn. Mo rò pé bí àwọn tó ń bọ Olókun àti Yemọja nílé, àwọn àlùfáà ìjọ aláṣọ funfun tó ń ṣe ìsìn létí òkun, àti àwọn ìmáàmù Èkó bá jọ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ènìyàn wọn, yóò dé ibi tí òfin ìpínlẹ̀ kò lè dé.

Olùkọ́ Ẹ̀pẹ́

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ yín. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé náà. Mo fi ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ apẹja síwájú, nítorí pé láìsí i, máìlì márùn-ún àti méjìlá kò yàtọ̀ síra. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo kọ pé kí wọ́n wá àwọn apẹja àti àwọn obìnrin ẹlẹ́ja rí kí wọ́n tó ya omi kankan sọ́tọ̀, pé kí iṣẹ́ èbúté tuntun kọ̀ọ̀kan ní owó iyanrìn nínú, àti pé kí àwọn tó ń ṣe ọ̀rá omi sanwó kíkó o. Ọ̀rọ̀ agbami àti ooru wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí a fẹ́ kí àwọn aṣojú wa lọ sọ ní ìpàdé àgbáyé, kì í ṣe ohun tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lè ṣe.

Ará Kútọnù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá wa kọ ọ́ ní èdè Faransé fún àwọn apẹja Grand-Popo àti Aného? Ọmọ Ìlàjẹ, bí ẹ bá lè rí àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ náà láti oṣù yìí, a ó ní ohun tí a ó so mọ́ ìwé náà. Agbẹjọ́rò, ìbéèrè kan ló kù: ṣé dandan ni kí ẹni tó kọ ọ́ mọ̀wé?

Agbẹjọ́rò Ìkẹjà

Rárá o, olùkọ́. Ó lè sọ ọ́ lẹ́nu kí ẹlòmíràn kọ ọ́, bí wọ́n bá ti kà á padà sí i létí ní èdè tó gbọ́, tí ó sì tẹ ìka rẹ̀ sí i níwájú ẹni tí òfin fún láṣẹ láti gba ìbúra. Kí orúkọ ẹni tó bá a kọ ọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n sì ṣe é ní kété tó bá ṣẹlẹ̀.

Ọmọ Ìlàjẹ

A ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Awóyè àti Ayétòrò. Àbúrò mi obìnrin tó ń kọ́ni níbẹ̀ ti gbà láti máa bá àwọn àgbà kọ tiwọn.